Ilé Wó, Ìkòkò Ṣì Ń Hó: Ìtàn Oúnjẹ ní Pópó Àgùdà àti Ìta Tinúbú

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa pé ọdún mẹ́wàá láìtúká. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ń ṣètò ọjọ́ òní, ọ̀rọ̀ kan fa àríyànjiyàn ju ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ lọ: ta ni yóò se oúnjẹ? Àwọn kan nínú wa ní kí a gbé e fún àwọn asè ńláńlá láti òkè odò, kí àlejò lè rí i pé a ti dàgbà. Àwọn mìíràn ní àwọn olóúnjẹ àdúgbò ni kí a bẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló borí. A kọ àpilẹ̀kọ yìí láti sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni.

Àdúgbò tí à ń wí yìí ni apá Erékùṣù Èkó tí ó yí Ìta Tinúbú ká, tí ó gba òpópónà Kakawa kọjá dé Campos Square, tí ó sì kan òpópónà Bámgbóṣé àti Tòkunbọ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Èkó àti Abẹ́òkúta, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìta náà. Pópó Àgùdà ní tirẹ̀ gba orúkọ lára àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí wọ́n sì rí ọ̀nà padà wálé. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ogun ní ìlú Salvador, ní Bahia, ní oṣù Kínní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú jáde. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn ra òmìnira, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí Èkó ṣe bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n túbọ̀ ń dé.

Orúkọ bíi da Rocha, da Silva àti Pereira ni wọ́n gbé bọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń lọ sí ìjọ Kátólíìkì, ìdí nìyẹn tí gbogbo Yorùbá fi ń pe ìjọ náà ní Ìjọ Àgùdà títí di òní. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí náà wà láàárín wọn.

Lára ohun tí wọ́n gbé bọ̀, oúnjẹ ni kò ṣe é wó. Ẹni tí a bí ní Pópó Àgùdà mọ fréjon. Ẹ̀wà ni, orúkọ rẹ̀ wá láti inú feijão, tí í ṣe ẹ̀wà ní èdè Potogí. A ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dáadáa, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ kí èèpo rẹ̀ lè kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó pò ó mọ́ omi tí a fún lára àgbọn, a ó dá a padà sórí iná pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù, a ó sì máa rò ó títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni a fi ń jẹ ẹ́, àwọn mìíràn á sì bu gààrí Ìjẹ̀bú lé e. Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran, ni ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Ní Bahia náà, ẹ̀wà olómi àgbọn jẹ́ oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Feijão de leite ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Fréjon kì í jókòó sínú ilé ẹni tí ó sè é. Àwa ọmọdé ni wọ́n máa ń rán láti gbé abọ́ láti ojúlé dé ojúlé, lọ sọ́dọ̀ Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Bí Iléyá bá dé, abọ́ kan náà á padà wá pẹ̀lú ẹran àgbò. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ní àdúgbò wa, kì í ṣe òwe lásán, bí abọ́ ilé kan kò bá dé, ìyá wa á ní, "Ẹ lọ wo Màmá Àgbà wò, bóyá ara wọn kò yá."

Oúnjẹ ìta náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1855, ìdílé Fernandez kọ́ ilé alájà kan sí ẹ̀gbẹ́ Ìta Tinúbú, wọ́n sì ń ta oúnjẹ àti ọtí nínú rẹ̀. Casa do Fernandez ni wọ́n ń pè é. Ní 1933, Alfred Ọmọlànà Ọláìyá rà á, ilé náà sì di Ilojo Bar. Ẹ rò ó wò: kí Nàìjíríà tó di orílẹ̀-èdè kan ní 1914, ènìyàn ti ń jókòó jẹun nínú ilé yẹn fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún.

Kì í ṣe Àgùdà nìkan ló bọ́ àdúgbò wa. Ọ̀rọ̀ náà "bùkà" gan-an, lọ́wọ́ àwọn Hausa ni a ti yá a. Ahéré ni ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀wà Àgànyìn, tí ata rẹ̀ máa ń dúdú nínú epo, ọwọ́ àwọn obìnrin tí ó wá láti ìhà Tógò àti Benin ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Búrẹ́dì tí a fi ń jẹ ẹ́ ńkọ́? Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1921, òun ni ó sì sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tálákà àti olówó káàkiri. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àárọ̀, tí ó mú ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn orílẹ̀-èdè mẹ́ta mẹ́rin ni ó ń jẹ.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni èrò ìlú ti ń jáde. Akọ̀wé báńkì láti Marina, alágbàrù láti ọjà Balógun, awakọ̀ àti agbẹjọ́rò, gbogbo wọn ń fi èjìká kan èjìká. Bí owó epo bá gbówó lórí, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Bí ìbò bá ń bọ̀, a ti ń dìbò níbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ìyá olóúnjẹ kì í dá sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó gba owó oṣù àti ẹni tí kò gbà. "Ẹ máa lọ, Bọ̀dá, ẹ ó san án lọ́la": gbólóhùn yẹn ti gba ọ̀pọ̀ baba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ebi.

Èkó ti gbìyànjú láti tú wa ká rí. Lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù ní 1955, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì ní afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n Peter Marris, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé ọjà àwọn obìnrin oníṣòwò tí wọ́n kó lọ kò tà mọ́, owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n, ẹbí sì jìnnà sí ẹbí. Àwọn òbí wa kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Oníbàárà ni ọrọ̀ olóúnjẹ. Bí o bá fún un ní ilé mẹ́wàá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ̀, o kò tíì fún un ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọ ọkọ̀ padà wá sí Erékùṣù láràárọ̀ láti tajà.

Ní 1956, ìjọba kéde Ilojo Bar gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Ọdún yẹn náà ni a dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Èrò àwọn ará àdúgbò kò papọ̀ nígbà náà, kò sì tíì papọ̀ títí di ìsinsìnyí. Àwọn kan ní ilé tí ó ti gbó, tí ògiri rẹ̀ ti sán, ewu ni fún ẹni tí ń kọjá. Wọ́n ní ìjọba tí kò fi kọ́bọ̀ tún un ṣe kò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Tinúbú ti di wúrà, pé owó ni ó wó ilé náà, kì í ṣe ọjọ́ orí. Àwọn ẹlòmíràn ní bí a bá lè wó ohun tí òfin dáàbò bò lọ́sàn-án gangan, kí ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa láti rí? Nínú ẹgbẹ́ wa, a rí ẹni tí ó di èrò kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí mú.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé òfin nìkan kò lè pa ìtàn mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì òkun lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ìyá wa tí wọ́n kó lọ sí Bahia gbé àkàrà lọ. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sì ti ń tà á. Ní 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà náà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Ògiri kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin tí ń lọ ẹ̀wà, tí ó sì ń dín àkàrà, ni. Ilé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé níhìn-ín wó, nítorí pé ìwé ni a fi sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ọ. Fréjon tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé kankan ń hó lórí iná lọ́dọọdún, nítorí pé ẹnì kan ń jí ní òru láti fún àgbọn.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Ẹni tí ń jí yẹn ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa fẹ́ràn ṣàwámà, a kò sì bá wọn jà. Àwọn ará Lẹ́bánónì tí ó gbé e wá ti pẹ́ ní Èkó, àwọn ni wọ́n sì fi omi tí ń tú sókè ta Ìta Tinúbú lọ́rẹ nígbà òmìnira ní 1960. Ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ ni pé ọmọ mọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ń ta àdìẹ díndín, kò sì mọ orúkọ ìyá tí ń ta ẹ̀wà ní iwájú ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí oúnjẹ tí ẹ ó jẹ lónìí fi ti ọwọ́ àwọn obìnrin àdúgbò wa wá. A san owó wọn ṣáájú, kí wọ́n má baà yá owó ra ẹja. A sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́: bí abọ́ bá dé iwájú yín, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí ó sè é, ẹ bèèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọdún tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa mú ọmọ kan lọ sí ìdí ìkòkò fréjon, kí ó rí bí a ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ yìí kò nílò àṣẹ láti Àbújá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ìyá olóúnjẹ wa, kí ó fún wọn ní ara líle àti oníbàárà rere. Kí ẹgbẹ́ wa pé ogún ọdún lójú gbogbo wa. Ẹ jókòó, ẹ fọwọ́, ẹ jẹun. A kí yín káàbọ̀.