Ìrìn Ẹsẹ̀ Létí Ògùnpa

Àwa tí à ń gbé ní Port Harcourt kì í ṣe àjèjì sí omi. Omi ló bí ìlú yìí. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ti lè wá kó èédú Enugu ni àwọn òyìnbó ń wá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ dó, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1913. Àmọ́ kí èèyàn di ọmọ lọ́wọ́ mú, kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́ létí omi láìtẹ ẹrọ̀fọ̀, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé ìyẹn ò rọrùn níbí. Ìdí nìyẹn tí inú àwọn ọmọ mi fi dùn nígbà tí a lọ lo ọlidé ní Ìbàdàn, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú wa lọ sí ọgbà Agodi.

Ọ̀nà Parliament ni ọgbà náà wà, kò jìnnà sí Sẹkitéríàtì. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ gba abẹ́ igi kọjá, ẹ ó sì kan adágún omi kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Àbíkẹ́yìn mi, tí kì í fẹ́ rìn dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Ibi tí a ti jókòó jẹ mọ́ínmọ́ín ló ti bèèrè pé, “Mọ́mì, ta ló gbẹ́ ihò omi yìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. “Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, ọmọ mi. Odò ni. Wọ́n sé e ni. Ògùnpa nìyí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi dákẹ́. Ọmọ Ìbàdàn tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, bí ó bá gbọ́ Ògùnpa, kì í ṣe adágún ló ń rántí.

Láti òkè Àṣí níhà Bódìjà ni odò yìí ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó gba Agodi, ó sì wọ àárín ìlú lọ. Kò fẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, ẹ lè fò ó láwọn ibì kan. Nítorí pé ó kéré ni àwọn èèyàn fi fojú di í: wọ́n kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n da pàǹtírí sínú rẹ̀ títí ọ̀nà omi fi há lábẹ́ àwọn afárá. Ó ti ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ ní 1978. Ọjọ́ Ìsinmi, 31 oṣù Kẹjọ 1980, ló wá burú jù. Òjò rọ̀ fún wákàtí bíi mẹ́wàá. Odò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó wọ ilé onílé, ó gbé mọ́tò, ó wó ilé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ.

Ọmọdé ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, Òkè-Bọ́lá ni wọ́n ń gbé. Ó ní ohun tí òun ò lè gbàgbé ni ariwo: bíi ti ọkọ̀ rélùwéè tí kò kọjá tán.

Ọgbà tí a jókòó sí náà ò yọ. Ní 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, tẹranko tigi, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa wá wo ẹranko níbẹ̀. Àgbàrá ọjọ́ yẹn gbá púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà lọ. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ di ìgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 2012, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ẹ kíyè sí i pé ọdún kan péré ṣáájú àtúnṣe yẹn, ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé mìíràn tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, ó sì wó afárá. Oṣù Kẹjọ kan náà, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!

Mo wo ilẹ̀ ọgbà náà yíká, bóyá màá rí òkúta ìrántí kan fún àwọn tó lọ. N kò rí i. Bóyá ojú mi ni kò tó o.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, àbíkẹ́yìn mi ju èèpo ọsàn sómi. Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo mọ́ ọn. Ó wá igi kan, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó fà á jáde, ó sì kó o sínú ọ̀rá tí a fi gbé mọ́ínmọ́ín wá.