Àìbalẹ̀ ọkàn àgbẹ̀ Kétu kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Bí àgbẹ̀ kan kò bá rí oorun sùn, tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, a máa ń yára sọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò.

Ní 1886, ogun Dàhòmì pa Kétu run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Kó tó di ìgbà náà pàápàá, ẹni tó bá jí lọ sóko kò mọ̀ bóyá òun yóò padà wálé. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú ṣe.

Ìsinmi náà kò pẹ́. Owó orí dé, iṣẹ́ ipá dé. Nígbà ogun 1914, wọ́n tún ń kó àwọn ọ̀dọ́ ṣe sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ìjà. Ọ̀pọ̀ ará Kétu sọdá sọ́dọ̀ ìbátan wọn lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ ipá dé.

Wọn kò dá ru ẹrù náà: wọ́n jọ sá ni, wọ́n sì rí ìbátan tó gbà wọ́n sílé. Lónìí, òjò kọ̀, gbèsè ajílẹ̀ ń lé àgbẹ̀, òun nìkan ló sì ń dá a rò. Ẹ bi aládùúgbò yín bó ṣe sùn. Bó bá le, ẹ sìn ín dé ilé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.