Ìṣàgá-Orílé: Ìlú kékeré tó san gbèsè ogun Abẹ́òkúta

Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò tíì gbọ́ ìtàn ogun Dàhómì: bí àwọn jagunjagun obìnrin ṣe gbógun dé ẹnu odi Àró lọ́dún 1851, àti bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe lé wọn padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni orúkọ ìlú kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà ogun náà, tó ran Abẹ́òkúta lọ́wọ́, tó sì jìyà rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ìlú náà ni Ìṣàgá, èyí tí à ń pè ní Ìṣàgá-Orílé lónìí.

Ibi tí ìlú náà wà

Ìṣàgá-Orílé wà ní ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta, ní òdìkejì odò Ògùn, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Akọmọjẹ. Oníṣàgá ni orúkọ oyè ọba ìlú náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbilẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe láfún, àgbàdo, àti ọ̀pẹ.

Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn. Orílé ni ibi tí àwọn ènìyàn kan ti kọ́kọ́ tẹ̀dó, kí ogun tàbí ohun mìíràn tó tú wọn ká. Ìdí nìyí tí orúkọ yìí fi wọ́pọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti àyíká rẹ̀, bí Orílé-Ìlugùn àti Ìbarà-Orílé. Àwọn òpìtàn ka Ìṣàgá mọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbádò, tí wọ́n ń jẹ́ Yewa láti ọdún 1995, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ló pa òun àti apá kan Abẹ́òkúta pọ̀ lónìí.

Bí ènìyàn bá ti kọjá odò Ògùn sí ìwọ̀ oòrùn, àpáta ńláńlá irú èyí tó wà ní Abẹ́òkúta a máa dínkù, ilẹ̀ a sì máa tẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá ní Olúmọ tí wọ́n sá sí nígbà tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó ní nǹkan bí ọdún 1830. Ìṣàgá kò ní irú ibi ìsádi bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Abomey, olú ìlú Dàhómì, wà ní ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta gan-an, ní nǹkan bí kìlómítà 150. Ogun tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ lè kan Ìṣàgá kó tó kan Abẹ́òkúta.

Ìmọ̀ràn ọdún 1851

Ìjà Ẹ̀gbá àti Dàhómì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1844, àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun ọba Ghezo nítòsí Adó, wọ́n sì gba àga ọba rẹ̀. Àbùkù yìí ló fẹ́ gbẹ̀san nígbà tó kó ogun jáde lọ́dún 1851. Àwọn tó kọ̀wé nígbà náà ṣírò ọmọ ogun rẹ̀ sí nǹkan bí 16,000, tí nǹkan bí 6,000 nínú wọn jẹ́ obìnrin.

Nígbà tí ogun náà dé Ìṣàgá, àwọn ará ìlú kò lágbára láti dojú kọ ọ́. Wọ́n túúbá, wọ́n sì bá Ghezo ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un, ìmọ̀ràn ẹ̀tàn ni. Wọ́n ní kó má ṣe kọlu ìlú lóru, ọ̀sán gangan ló dára. Wọ́n tún darí rẹ̀ sí ẹnu odi Àró, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi ṣe, dípò apá ibi tí odi ti wó. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta, Dàhómì pàdánù níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń padà lọ, àwọn Ẹ̀gbá lépa wọn dé Ìṣàgá, níbi tí ìjà líle mìíràn ti tún wáyé.

Ẹ̀san ọdún 1862

Ghezo kú lọ́dún 1858, ṣùgbọ́n Glele ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀nà ṣeé rìn, ó kọlu Ìṣàgá. Àkókò náà burú fún ìlú yìí: ọ̀pọ̀ jagunjagun Ẹ̀gbá wà lójú ogun Ìjàyè, èyí tó parí nínú oṣù kan náà. Dàhómì run Ìṣàgá, wọ́n pa ọba rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abomey, níbi tí wọ́n ti fi àwọn kan nínú wọn rúbọ.

Thomas Doherty, olùkọ́ ìjọ C.M.S. ní Ìṣàgá, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Oníṣòwò ará Holland kan mú ìròyìn wá pé wọ́n ti kàn án mọ́ igi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé kò kú, ó sì padà wálé.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1864, Glele tún kọlu Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì tún ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn Faransé ló wá borí Dàhómì láàrin ọdún 1892 sí 1894.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí ìlú kékeré bá ṣe nígbà tí idà wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe ìmùlẹ̀ ọ̀rẹ́. Ìṣàgá padà di ìlú tí ènìyàn ń gbé, àgbẹ̀ rẹ̀ sì ń roko. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn odi Àró fún ọmọ rẹ̀, kó má ṣe gbàgbé láti dárúkọ Ìṣàgá.