Ọdún 2019: Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ pàdé kìnnìún mẹ́ta

Ìtàn ọba àti ìtàn ogun la sábà máa ń gbọ́ láàárín ara wa. Ti bọ́ọ̀lù la gbé dé lónìí. Ẹni tó bá sọ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìtàn, kó bi àwọn tó wà ní Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2019 léèrè.

Kí ọdún yẹn tó dé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Benin ti lọ sí CAN: 2004 ní Tunisia, 2008 ní Ghana, 2010 ní Angola. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 ni wọ́n gbá níbẹ̀, wọ́n sì pàdánù 8. Ẹyọ kan tó kù, èyí tí wọ́n bá Mozambique gbá ní 2010, ọ̀mì ni wọ́n ta, 2-2, bẹ́ẹ̀ Benin ló kọ́kọ́ ní méjì lọ́wọ́! Ní 2004, Morocco fi 4-0 nà wọ́n. Ẹ fi ti Morocco yìí sọ́kàn, a ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ikọ̀ Benin ń jẹ́ Écureuils nígbà náà, ìyẹn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ikọ̀ Togo ń jẹ́ Éperviers, ìyẹn Àṣá. Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2019, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àṣá pàdé ní Stade de l'Amitié ní Kútọnu. Àmì 7 ni Benin ní, Togo ní 5. Ọ̀mì tó Benin, ṣùgbọ́n dandan ni kí Togo borí. Ìdílé tó ní ọmọ ní ìhà méjèèjì kò mọ ẹni tí wọn yóò gbè lẹ́yìn. Benin borí, 2-1, ojú Àṣá sì wálẹ̀.

Ní Egypt, Mickaël Poté gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Ghana ní ìṣẹ́jú kejì, ó tún gbá òmíràn wọlé lẹ́yìn náà, ó wá di 2-2. Guinea-Bissau, 0-0. Cameroon tó gba ife ní 2017, 0-0. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ikọ̀ tó ń lọ sí CAN di 24, tí àwọn 4 nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta sì ń rí ọ̀nà kọjá. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ni àwọn ọmọ wa ì bá gbà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5 oṣù keje, Morocco dé. Wọ́n ti borí nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan ò tíì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wọn. Ta ló fẹ́ fi owó rẹ̀ lé Ọ̀kẹ́rẹ́? Ní ìṣẹ́jú 53, Stéphane Sessègnon, balógun ikọ̀, gbá kọ́nà, Moïse Adilehou sì sọ ọ́ di góòlù. En-Nesyri dá a padà fún Morocco. Nígbà tí àkókò ti fẹ́ tán pátápátá, rẹfirí fún Morocco ní pẹ́nátì. Ọ̀pọ̀ nínú wa dìde kúrò níwájú tẹlifísọ̀n, a ò lè wò ó. Hakim Ziyech gbá a, òpó ló bà.

Wọ́n bọ́ sí àfikún àkókò. Wọ́n fún Khaled Adénon ní káàdì pupa, ó wá ku àwọn mẹ́wàá. Àwọn mẹ́wàá náà dúró gbọn-in títí ó fi kan pẹ́nátì. Saturnin Allagbé ló wà lójú ilé. Morocco sọ méjì nù, Benin kò sọ ọ̀kan nù: 4-1. Ilẹ̀ ti ṣú ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ta ló ń sùn? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá.

Senegal ló dá wọn dúró nínú ìpele àwọn mẹ́jọ, 1-0. Idrissa Gueye ló gbá a wọlé.

Kìnnìún ni Cameroon ń pe ara wọn, kìnnìún ni Morocco, kìnnìún ni Senegal. Ọ̀kẹ́rẹ́ pàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án: ó bá ọ̀kan ta ọ̀mì, ó lé ọ̀kan lọ sílé, ọ̀kan ló rí i mú. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé nínú ìwé, pẹ́nátì kì í sọ ọ̀mì di ìborí. Nítorí náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5, ọ̀mì 4, ìpàdánù 1. Benin dé àárín àwọn mẹ́jọ láìborí ẹnì kankan! Àwọn kan fi èyí bu wọ́n kù. Ní tiwa, a ò rí àbùkù níbẹ̀: ẹni tí kìnnìún kò rí gbé mì ti ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń dùn wá díẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé Ọ̀kẹ́rẹ́ kéré jù, pé ẹranko tí ọmọdé ń fi kànnàkànnà lé kò yẹ orílẹ̀-èdè. Ní 2022, wọ́n yí i padà sí Guépards, ẹranko apẹran tó sáré ju gbogbo ẹran lọ. A ò bá orúkọ tuntun jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ziyech gbá òpó, tí orúkọ Adéoti sì wà nínú àwọn ọmọ tó lọ sí Egypt, Écureuils ló wà nínú ìwé.