Orí Tó Ń Gbóná Nítorí Ìwé

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Kánádà kan wà ní ilé ìwòsàn Aro l'Abẹ́òkúta. Raymond Prince lorúkọ rẹ̀. Ẹ kúkú mọ Aro, ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀rẹ́ yín máa ń ní kí ẹ máa lọ tí ẹ bá ti ṣe nǹkan tí kò yé wọn. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí dókítà yìí rí, àwọn kan wà tí orí wọn ò dàrú rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ojú wọn fà ro, ara wọn ò balẹ̀, bí wọ́n bá sì ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe wọ́n, wọ́n á máa fọwọ́ ra àtàrí. Wọ́n ní orí ń gbóná. Wọ́n ní ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ọrùn ń dùn wọ́n, ojú ń ṣe bàìbàì tí wọ́n bá ti ṣíwèé, ohun tí wọ́n sì kà kì í dúró. Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé ni gbogbo rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 1960, Prince kọ àpilẹ̀kọ kan nípa wọn sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pe àìsàn náà ní brain fag. Òun kọ́ ló hùmọ̀ orúkọ yẹn, ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ló ti gbọ́ ọ. (Kẹ́nikẹ́ni má fojú òde òní wo ọ̀rọ̀ kejì yẹn o. Nígbà náà, kí ó rẹ èèyàn tẹnutẹnu ló túmọ̀ sí. Ọpọlọ tó ti rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.)

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí irú ẹni tó ń ṣe. Ẹni tó ń sá kíláàsì, tó ń ta ayò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé, kí ló máa mú orí tiẹ̀ gbóná? Àwọn tó ń jókòó ti ìwé mọ́jú ló ń ṣe. Ìyẹn gan-an ló mú kí ìtàn yìí jẹ mí lógún, torí títí di òní, tí ọmọ tó ń gbìyànjú bá ní òun ò lè kàwé mọ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ nílé ni pé ó ti ń ya ọ̀lẹ, tàbí pé fóònù ló ń bà á jẹ́.

Prince náà wá ìdí ọ̀rọ̀. Àlàyé tó ṣe ni pé ìwé kíkà àwọn òyìnbó jẹ́ ohun tí èèyàn ń dá ṣe: ìwọ nìkan, àga kan, ìwé kan, kí olúkúlùkù sì ru ẹrù ara rẹ̀. Ó ní ọmọ Nàìjíríà ò dàgbà bẹ́ẹ̀, pé àárín ẹbí àti agbo ló ti dàgbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àjèjì yìí fi ń kọlù ú. Kò bú wa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ohun tó ń sọ ni pé orí wa àti ìwé ò bára mu. Ibẹ̀ ni mi ò ti bá a lọ, ìtàn ò sì gbè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí London. Ní 1862, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan fún àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé iye owó tí iléèwé máa gbà lọ́wọ́ ìjọba máa dá lórí iye ọmọ tó bá yege nígbà tí aṣojú ìjọba bá wá dán wọn wò ní kíkà, kíkọ àti ìṣirò. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọdé tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀ ló máa pinnu owó tó máa wọ àpò iléèwé. Ṣé tíṣà máa wá fọwọ́ lẹ́rán? Nígbà tó di 1884, dókítà kan tó ń jẹ́ James Crichton-Browne wọ àwọn iléèwé London, ó ń bi àwọn ọmọ léèrè nípa orí fífọ́ àti oorun wọn. Ó rí i pé orí fífọ́ wọ́pọ̀ láàrin wọn, ó sì kọ ọ́ pé ẹrù náà ti wúwo jù fún wọn. Aṣojú ìjọba kan kọ̀wé takò ó, ó ní àsọdùn ni. Àríyànjiyàn yẹn gba ìwé ìròyìn kan.

Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, kí wọ́n tó bí Prince rárá, brain fag ti wà lẹ́nu àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá ti fi ìwé tàbí iṣẹ́ ọpọlọ pa ara rẹ̀, òun ni wọ́n ń sọ pé ó mú. Àwọn tó ń ta oògùn amárale sì ń polówó fún un nínú ìwé ìròyìn. Oyedeji Ayonrinde, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ wa, ló tú ìtàn yìí síta yékéyéké ní àìpẹ́ yìí. Orúkọ tí wọ́n wá so mọ́ wa lọ́rùn bí àìsàn àwa aláwọ̀ dúdú, ẹrù tiwọn ni, àwọn ni wọ́n gbé e dé.

Òfin owó yẹn náà sì wọkọ̀ ojú omi wá. Ní àwọn ọdún 1880, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń ṣòfin nípa owó ìrànwọ́ fún àwọn iléèwé míṣọ́nnárì l'Ékòó, èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye tí iléèwé máa gbà. Ṣé ẹ wá rí i? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdánwò àti owó ti jọ wọlé.

Kì í sì í ṣe pé wọn ò ń kó nǹkan sórí níbí tẹ́lẹ̀. Odù Ifá jẹ́ 256, àìmọye ẹsẹ ló sì wà lábẹ́ wọn. Ọmọ awo lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ ilé kéwú ń kó Kùránì sórí, wọ́n á sì ṣe wọ́límọ̀ fún un tó bá ka á débi tó yẹ. Wàhálà ńlá ni méjèèjì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ìgbà àwọn bàbá wa rọrùn. Pàṣán wà níbẹ̀. Oògùn ìsọ̀yè tí wọ́n ń ṣe, ta ni wọ́n ń ṣe é fún bí kò ṣe ẹni tí nǹkan ò dúró sí lórí? Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n máa tìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Ẹni tó bá ṣi ẹsẹ Ifá pè lónìí, wọ́n á tún un ṣe fún un, á tún un pè lọ́la.

Ilẹ̀kùn yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000, nígbà tó jẹ́ pé ti ọdún tó ṣáájú ò tó 500,000. Ayọ̀ ńlá ni. Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ńkọ́? Sẹ́kọ́ńdìrì ò tó nǹkan, owó ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Yunifásítì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà, ìyẹn ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, dìgírì London ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Ẹni tó bá páàsì á di akọ̀wé, á di tíṣà, á máa gbowó oṣù. Ẹni tó bá féèlì, oko ń dúró dè é. Bí ilẹ̀kùn ṣe rí nìyẹn nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń fọwọ́ ra àtàrí ní Aro.

Ta ló sì ń sanwó? Bàbá tó yáwó lórí kòkó tí kò tíì so. Ẹ̀gbọ́n tó fi iléèwé sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ. Nígbà míì, ìlú lápapọ̀ ni. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò lápá Gúúsù Ìlà Oòrùn lọ́hùn-ún dáwó jọ, wọ́n fi rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nílẹ̀ Yorùbá náà gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ọmọ wọn. Ẹ fi ara yín sípò ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn. Tí ẹ bá féèlì, ta lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀? Prince ní dídá kàwé ló ń yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Lójú tèmi, kò tiẹ̀ dá wà tó. Ẹnì kan ló jókòó nínú gbọ̀ngàn, ogún èèyàn ló ń ṣe ìdánwò náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ní Aro kan náà, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta gan-an, ń fi ẹbí yẹn ṣe oògùn. Láti 1954 ló ti ń ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìyá tàbí ìbátan kan wà pẹ̀lú wọn, kó máa dáná fún wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Ètò yẹn mú kí òkìkí Lámbò kàn káàkiri ayé. Ẹbí tí kò béèrè èsì, tó kàn wà nítòsí tó ń bu oúnjẹ, yàtọ̀ sí ẹbí tó ń ka ọjọ́ tí èsì máa jáde.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́lẹ̀ jù lọ lójú mi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ ti Ifẹ̀. Ní 1980, ó gbé àlàyé tirẹ̀ jáde, oorun ló sì wà láàrin rẹ̀. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: ọmọ kan fẹ́ ṣe dáadáa ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ̀rù féèlì sì ń bà á. Ẹ̀rù yẹn mú kó dín oorun kù. Kó má baà sùn, ó lo ohun tó ń lé oorun. Àìsùn àti oògùn pa pọ̀, ara ò balẹ̀, ọpọlọ ò di nǹkan mú. Nítorí pé kò di nǹkan mú, ọmọ náà gbà pé òun ò tíì kàwé tó. Ẹ̀rù tún bà á sí i. Ó bá tún gé oorun. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ yìí kẹ́ ẹ tún un kà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yí po.

Ohun tó ń lé oorun yẹn, oríṣiríṣi ni. Àwọn àgbà jẹ obì, wọ́n mu kọfí, wọ́n kẹsẹ̀ bọ omi tútù nínú báṣíà. Ẹ bi àwọn bàbá yín àgbà, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni oògùn oníhóró bí amphetamine wọlé, ẹ̀rín sì tán níbẹ̀. Tiyín ló wà nínú agolo báyìí, wọ́n ya màlúù tàbí iná mànàmáná sí i lára. Káfíìnì tó wà nínú obì náà ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ló yàtọ̀. (Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn kan gbà sá fún ìbẹ̀rù yìí: ní 1977 ni ìwé ìdánwò WAEC jò débi pé orúkọ ọdún náà di Expo 77 títí dòní. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn, àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn níbí ń kàwé ní tiwọn.)

Ìtọ́jú tí Morákinyọ̀ lò rọrùn débi tó fi lè dà bí àwàdà. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dẹ iṣan ara sílẹ̀. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ lálẹ́ òní: ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́, kó le dáadáa, ẹ kà dé márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ gbé èjìká sókè bíi pé ó fẹ́ kan etí, ẹ kà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọrùn, ojú, ikùn, itan, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sùn. Mi ò ṣàwàdà nípa oorun yẹn, torí nígbà tí èèyàn bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tó kà lójúmọmọ sí ààyè rẹ̀. Ẹni tó bá fi oorun ra wákàtí mẹ́ta láti kàwé, ó ti ta èyí tó kà lánàá.

Ọ̀nà ìkàwé náà sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 1885, ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ dán an wò bí èèyàn ṣe ń gbàgbé. Ó rí i pé nǹkan tí èèyàn bá pín kà sí ọjọ́ bíi mélòó kan máa ń dúró ju èyí tó kó jọ kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ka àkọ́rí kan lónìí, ẹ pa ìwé dé, ẹ sọ ọ́ sókè fún ẹnì kan tó máa já yín níbi tí ẹ bá ti ṣì í. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún un sọ. Ọmọ awo mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó bí Ebbinghaus. Kò dá kírámù lóru, àárín agbo ló ti ń kì í, etí àwọn ẹlòmíì sì ń ṣọ́ ọ.

Ní 1994, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ kọ brain fag sẹ́yìn ìwé, láàrin àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó so mọ́ àṣà àwọn èèyàn kan. Ní 2013, wọ́n ṣe ẹ̀dà tuntun, wọn ò fún un ní ààyè tirẹ̀ mọ́. Ní 2015, Ayonrinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé orúkọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, pé àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà ti ń kọ àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ohun kan náà tí wọ́n máa kọ fún ọmọ London. Láti ìgbà tí Prince ti kọ̀wé, ó gba ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kí orúkọ náà tó pàdánù ààyè tirẹ̀ nínú ìwé wọn.

Orúkọ lọ, orí ṣì ń gbóná. WAEC ṣì wà, JAMB kún un ní 1978, ilẹ̀kùn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Tó bá ṣe yín títí, tí oorun ò wá mọ́, tí oúnjẹ ò lọ, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ má sí láyé mọ́, ẹ sọ fún àgbà kan lónìí, kó mú yín lọ rí dókítà. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ pé orí ń fọ́ yín. Ibà ni wọ́n máa kọ. Ẹ sọ wákàtí mélòó tí ẹ ń sùn, ẹ sọ ohun tí ẹ ń mu kẹ́ ẹ má baà sùn, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tí ìdánwò yín máa bẹ̀rẹ̀.