Orúkọ Tí Ó Yẹ Ọjà Ẹ̀rọ Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ

Àwọn baba wa ní Ẹdẹ kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó sọ ohun titun lórúkọ. Nígbà tí Aláàfin rán Tìmì Àgbàlé láti wá ṣọ́ ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ yìí, tí akọni náà sì dé pẹ̀lú ọfà tí ń jó bí ó ti ń fò, ohun tí ojú rí ni ẹnu sọ: wọ́n pè é ní Ọlọ́fà Iná, oríkì náà kò sì tíì parẹ́ títí di òní olónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ọkọ̀ tí ń sáré lórí irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Àwọn kan pè é ní ọkọ̀ ojú irin, àwọn mìíràn yá rélùwéè lò, orúkọ méjèèjì sì ń bẹ láàyè, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹrù tí ó wà níwájú wa nísinsìnyí wúwo ju ti ìgbà náà lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni a fẹ́ dárúkọ, bí kò ṣe bí àwọn ènìyàn ti ń wá a tó, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe, àti bóyá wíwá náà ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dínkù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, ti ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni; ti òwò kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ́wọ́. Ilé ni a sì ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí ó yẹ kí a wò nínú ọ̀ràn yìí kì í sì í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ọjà ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ. Ìbéèrè ni a sábà ń pe bí àwọn ènìyàn ti ń fẹ́ ọjà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bá ti pàtẹ rí mọ̀ pé gbogbo ẹni tí ń béèrè kọ́ ni ó ń rà. Èrò a máa béèrè iye, a máa ná ọjà, a sì máa kọjá lọ, ọjà a sì kùtà síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fúnra wọn kì í ka ìfẹ́ tí kò ní owó lẹ́yìn sí nǹkan kan. Nítorí náà, ìfowówá ni mo dá lábàá, èyíinì ni pé kí ènìyàn mú owó lọ́wọ́ kí ó fi wá nǹkan. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà kan sì fò láti iye tí kò tó 200 náírà sí nǹkan bí 500 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀: télọ̀, onígbàjámọ̀ àti àwọn tí ń ta omi tútù, tí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí béèrè sólà àti ìnfátà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè kó owó pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀ nínú wọn. Ìbéèrè gbòòrò, ìfowówá kò bá a dọ́gba. Oníṣòwò tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì yóò gbówó lé ọjà tí kò ní í tà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu wa, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi titun kún un, ohun tí a wí kò ju pé kò tíì gbó lọ. Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ni ó bá a mu, bí a ti ń sọ ọ́ nípa oṣù: ó ti hàn sí gbogbo ojú, kò sì tíì kún. Irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń ka àbùdá àrùn, èyí tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ACEGID ní Redeemer's University, ní ìlú Ẹdẹ yìí, fi ka àbùdá kòrónà ní oṣù Kẹta 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Kò sí àgbẹ̀ tàbí aláṣọ tí yóò fi owó àpò rẹ̀ wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀; ọwọ́ ìjọba, yunifásítì àti àwọn àjọ olùrànlọ́wọ́ ni ìfowówá rẹ̀ wà, àjàkálẹ̀ àrùn ni ó sì ń ru ú sókè. Èyí fi hàn pé a nílò orúkọ fún ìsọ̀rí iṣẹ́ tí àwọn olùrà ti ń wá. Ilé iṣẹ́ ni a sábà ń lò, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ni fáktọ́rì kòkó, òun ni báǹkì, òun náà sì ni ẹ̀ka ìjọba. Àwọn oníròyìn ti ń sọ agbo òṣèlú àti agbo òṣèré tipẹ́. Ta ni agbo iṣẹ́ ìlera tàbí agbo iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò wá rú lójú?

Ọ̀rọ̀ kẹta ni èyí tí yóò sọ bí ìfowówá ti ń gbéra, tàbí bí ó ti ń wálẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní àṣà, èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí àṣà a máa lo ìran kan kí ó tó yí padà, ṣùgbọ́n oṣù kan péré tó láti yí ọjà po. Ìrìn ọjà ni kí a pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí a ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà sì di àwátì, àwọn tí kì í ya ọ̀dọ̀ onípọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tò síwájú rẹ̀, ìyá aláta sì kọ́ bí a ti ń gba tránsífà. Ìfẹ́ ẹ̀rọ kọ́ ni ó mú wọn, àìrówó ni. Síbẹ̀ nígbà tí owó padà dé, ọ̀pọ̀ wọn kò padà sẹ́yìn. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ka ìrìn ọjà gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ó lé àwọn ènìyàn dé ibẹ̀ kí ó tó ka iye wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic tí ó ti wà ní Ẹdẹ láti 1992, àti ẹ̀yin ti àwọn yunifásítì tí ó wá bá a níbẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ. Nígbà tí ẹ bá tún wọ ọjà láti ṣe ìwádìí lórí sólà tàbí POS, Yorùbá ni kí ẹ fi bi àwọn ìyá ọlọ́jà léèrè, kí ẹ sì gbé ìfowówá, agbo iṣẹ́ àti ìrìn ọjà síwájú wọn. Èyí tí wọ́n bá tẹ́wọ́ gbà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, ẹ jù ú nù, ì báà jẹ́ èmi ni mo dá a.