Kí Ni A Fi Lé Ìyá Ìkókó Lọ́wọ́ Láti Kà?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí obìnrin bá bímọ, kì í ṣe ọmọ nìkan ni a ń yọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kí pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ó fi hàn pé àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé inú ewu ni abiyamọ ti ń bọ̀, àti pé ewu náà kò tán pátápátá ní ọjọ́ tí ó sọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un, tí a ń se ọbẹ̀ ata fún un, tí ìyá ọkọ tàbí ìyá tirẹ̀ sì ń wá bá a gbé títí ara rẹ̀ yóò fi le. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà kì í wà nílé kí ìyá ọmọ tuntun máa ṣàìsàn láìsí ẹni tí yóò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa ti mọ̀wé kà, ọ̀pọ̀ sì ń bímọ ní ìlú tí ó jìnnà sí ìyá wọn. Ìwé ni ó kù tí ó lè dúró dípò àgbà ní irú ibẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí àwa olùkọ́ jọ wo ìbéèrè kan: kí ni a fi lé ìyá ìkókó lọ́wọ́ láti kà, ní èdè wo, ta ni a sì kọ ọ́ fún?

Ìlú Douala ni ìbéèrè yìí ti dé bá mi. Ìlú èbúté ńlá ni, ní etí odò Wouri ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Mo lọ kí ẹbí mi kan tí ń ṣòwò aṣọ ní New Bell, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ṣe ibùgbé. Mo bá a pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ, ó di ọjọ́ kẹfà. Inú ilé dùn. Aládùúgbò wọn kan, ará Bamiléké, ti gbé ìkòkò nkui wá, ọbẹ̀ tí ó ń yọ̀ bí ewédú, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ń sè fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí a jẹun tán, ìyá ìkókó náà fa bébà kan yọ ní abẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí. Wọ́n fún mi nígbà tí mo ń kúrò ní ọsibítù."

Èdè Faransé ni. Mo ń kà á, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ. Mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí orí bá ń fọ́ ìyá gidigidi, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, kí ó tètè padà wá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Orí ti ń fọ́ mi láti àná. Mo rò pé bí ìbímọ ṣe rí nìyẹn." A gbé e lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru kọjá ààlà. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì yè.

Ọmọ náà kì í ṣe púrúǹtù. Ó ka ìwé mẹ́fà ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì máa ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀ ní àràárọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là wà ní abẹ́ orí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì lè gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ohun tí ó ya mí lẹ́nu ni pé Douala wà lára àwọn ìlú etíkun wa tí ìwé ní èdè ìbílẹ̀ ti tètè gbilẹ̀. Alfred Saker, òjíṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1845. Ó kọ́ èdè Duala, ó sì mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá. Májẹ̀mú Titun jáde ní èdè náà ní 1862, odindi Bíbélì sì jáde ní 1872. Ọdún 12 lẹ́yìn rẹ̀, ní 1884, ni odindi Bíbélì tó jáde ní èdè Yorùbá. Ìyá ọlọ́mọ kan ní Douala nígbà náà, bí ó bá mọ̀wé, lè jókòó kí ó ka Orin Dáfídì ní èdè ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba ń pààrọ̀. Ní oṣù Keje 1884, àwọn ọba Duala tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn ará Jámánì. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a lé Jámánì kúrò, Douala sì bọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ Faransé. Ní 1921, ìjọba Faransé pàṣẹ pé èdè Faransé nìkan ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé. Láti ìgbà náà, èdè Duala kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, kò sì kúrò nínú ilé ìsìn, ṣùgbọ́n kò bá ìmọ̀ ìṣègùn wọ ọsibítù. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa Yorùbá tí a ń fi ìwé wa yangàn. Èdè lè ní Bíbélì, kí ó má ní ìwé tí yóò sọ fún abiyamọ ohun tí yóò ṣe bí ibà bá dé sí i lára.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ èdè nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá, tí wọ́n ní ìwé ní èdè ara wọn, pẹ́ kí wọ́n tó bá ìyá sọ̀rọ̀ tààrà. Nínú Ìwé Àdúrà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ti 1662, ìsìn kan wà fún ìdúpẹ́ obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá gan-an ni a ṣe é fún, ṣùgbọ́n òun a kúnlẹ̀, àlùfáà a sì kà á. Ní 1748, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ William Cadogan kọ ìwé kékeré kan lórí títọ́ ọmọ ọwọ́. Ìmọ̀ràn rere wà nínú rẹ̀: kí a má ṣe di ọmọ ní ọ̀já pinpin, kí ìyá sì fún ọmọ rẹ̀ ní ọmú fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí ń ṣe àbójútó ilé àwọn ọmọ tí a jù nù ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ ọ́ sí, ó sì wí nínú rẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti pẹ́ jù ní ọwọ́ àwọn obìnrin.

Ọ̀rọ̀ Ignaz Semmelweis dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọsibítù ńlá ìlú Vienna ní 1846, nínú gbogbo 100 ìyá tí ó bímọ sí ọwọ́ àwọn oníṣègùn, ó lé ní 11 tí ó kú, ibà ìkúnlẹ̀ sì ni ó pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Semmelweis rí i ní 1847 pé àwọn oníṣègùn ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá gba ẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n fi omi tí a po òògùn mọ́ fọ ọwọ́. Nígbà tí ó di 1848, iye àwọn tí ń kú kò tó 2 nínú 100. Ọdún 1861 ni ó tó kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń bá jà nínú rẹ̀. Ìwé náà kò bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ sọ fún ẹni tí yóò gbẹ̀bí yín kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀."

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìjọba ti wá kọ̀wé sí ìyá fúnra rẹ̀. Ní 1914, ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí títọ́ ìkókó. Mary Mills West, tí òun náà jẹ́ abiyamọ, ni ó kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni a ń fi í ránṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá sì kọ lẹ́tà padà láti béèrè ohun tí kò yé wọn. Ẹ kíyè sí i: bí a bá kọ̀wé sí ènìyàn ní ọ̀nà tí ó yé e, yóò fèsì.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí, ilé wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Láàrin 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà àti ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ebi àti àìsàn ń pa díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó fura. Ó ṣe káàdì kan tí a ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí ní oṣooṣù. Bí ìlà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ewu ń bọ̀. Ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b lè ka ìlà náà. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé a kò tọ́jú káàdì náà pamọ́ sí ọsibítù. Inú àpò ọ̀rá ni a fi í sí, a sì gbé e fún ìyá kí ó máa mú un lọ sí ilé. Láti Iléṣà ni ìmọ̀ náà ti tàn ká ayé. Nígbà tí UNICEF ń polongo ìtọ́jú ọmọdé ní àwọn ọdún 1980, wíwọn ọmọ báyìí wà lára ohun mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ fà yọ.

Síbẹ̀, ọmọ ni káàdì yẹn ń wí nípa rẹ̀. Ìyá ńkọ́? Àwọn ará Jàpáànù ti so méjèèjì pọ̀ láti 1948, nínú ìwé kan ṣoṣo tí a ń kọ ìlera ìyá àti ti ọmọ sí. Àwa náà kò ṣe aláìmọ̀. Louis-Victor Marcé kọ ìwé ńlá rẹ̀ ní ìlú Paris ní 1858 lórí wèrè àwọn aboyún àti àwọn ìyá ìkókó, àwa náà sì ní ọ̀rọ̀ kan fún un lédè wa: abísínwín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń di wèrè. Ìbànújẹ́ kan wà tí ó máa ń wọ inú ìyá lára, tí yóò máa sunkún ní kọ̀rọ̀, tí kò ní lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Ní 1987, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Scotland ṣe ìbéèrè 10 péré tí ìyá lè fúnra rẹ̀ dáhùn nípa bí ọkàn rẹ̀ ti rí ní ọjọ́ 7 tí ó kọjá. Nínú gbogbo ohun tí mo ti dárúkọ, díẹ̀ ni ó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?"

Irú ìwé wo wá ni ó yẹ? Kí ó kéré, kí ìyá lè fi ọwọ́ kan dì í mú nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú. Kí ó sọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò: láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́, ní ọjọ́ kẹta, láàrin ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kí ó ka àwọn àmì ewu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà ṣàà, ibà, orí fífọ́ líle, ojú tí ń ṣú, gìrì, èémí tí kò já gaara, ẹsẹ̀ kan tí ó wú tí ó sì ń dun ni, àti ìbànújẹ́ tí ó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó bọ̀wọ̀ fún omi gbígbóná àti ọbẹ̀ ata ìyá àgbà, kí ó sì sọ ìgbà tí wọn kò tó mọ́. Kí ìtàn dídùn kan tàbí méjì wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó jí ní òru ń fẹ́ alábàárò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó jẹ́ Yorùbá tí a lè kà sókè sí etígbọ̀ọ́ ọkọ àti ìyá ọkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de ìjọba. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì òkè kọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àròkọ. Ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mú tirẹ̀ lọ sí ilé.

Kí n tó kúrò ní Douala, mo ya ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì kọ ọ̀rọ̀ bébà yẹn sí i ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Ìyá àgbà ilé náà kò mọ̀wé. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, ní apá ibi tí orí ibùsùn wà.